Ohùn Tíṣà Nínú Ẹsẹ Kejì

Gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Lọ́jọ́ Sátidé tí Tíṣà Lawrence Adéyẹmí sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò Oǹdó ní Àkúrẹ́, tó wọ ẹ̀wù funfun tó jẹ áyọ́ọ̀nù dáadáa, tó fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wé ọrùn nínú oòrùn ọ̀sán gangan, ẹni tó bá rí i á kàn rò pé bàbá àgbàlagbà kan tó ṣì fẹ́ràn fáàrí ni. Yàtọ̀ sí àwọn dókítà, ẹni méjì péré ló mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ yẹn. Ọ̀kan ni Mojísọ́lá, ìyàwó rẹ̀. Èkejì ni Leah, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó dúró dè é ní gáréèjì.

Kókó ló yọ sí Tíṣà ní gògóńgò. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ohùn híha lásán, Tíṣà sì ní eruku ṣọ́ọ̀kì ni, ṣebí ọdún márùndínlógójì lòun fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Ó lá oyin, ó jẹ orógbó, ó lo àgúnmu tí aládùúgbò kan gbé wá láti Ìjàrẹ́. Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ọ̀rọ̀ ti kọjá oyin. Dókítà náà ò fepo bọyọ̀. Ó ní bí Bàbá bá fẹ́ ẹ̀mí, Bàbá á fi ohùn sílẹ̀. Wọ́n á gé ibi tí ohùn ti ń jáde kúrò pátápátá, wọ́n á sì dá ihò kan sí i lọ́rùn tí á máa gba ibẹ̀ mí. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ náà sí. Ìyẹn ni pé láti ọjọ́ Ajé lọ, Tíṣà ò tún ní fi ẹnu ara rẹ̀ pe orúkọ ọmọ rẹ̀ mọ́ láyé.

"Ẹ ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnì kankan," ni Tíṣà wí fún ìyàwó àtọmọ lọ́jọ́ tí wọ́n ti ọ̀dọ̀ dókítà dé.

"Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́?" ni Mojísọ́lá bi í. "Kí wọ́n lè bá wa fi àdúrà tì í."

"Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á sì ròyìn. Kó tó di ọ̀la wọ́n á ti fi ẹnu sin mí tán. Ẹ jẹ́ kí n lọ kí n bọ̀ ná. Bí mo bá dé, kálukú á wá fojú ara rẹ̀ rí i."

Bẹ́ẹ̀ náà làwa ṣe máa ń ṣe, mi ò mọ ẹni tó kọ́ wa. Ẹsẹ̀ èèyàn á kán sí méjì, bí wọ́n bá bi í, á ní ara ń le, a dúpẹ́. A ó ru àìsàn wọlé, a ó ru ú jáde, a ò ní jẹ́ kí ara ilé kejì mọ̀, torí ayé ò ṣe é finú hàn. Mi ò ní kò nídìí o. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi nǹkan pamọ́ fún ọ̀tá, kó rántí pé ọ̀rẹ́ náà ò ní rí i.

Leah ò bá bàbá rẹ̀ jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ ẹ́ fún: kó wá sí Àkúrẹ́ kí ọjọ́ Ajé tó dé, kó wá fi orin rẹ̀ sínú ẹ̀rọ.

Leah ni olórin ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Ìrọ̀lẹ́. Mẹ́ta ni wọ́n. Leah ń kọrin, Ọmọ́níyì ọmọ Ìkàrẹ́ ń ta gìtá, Bímbọ́lá ń tẹ dùùrù. Wọ́n ń pe ara wọn ní Ìrọ̀lẹ́ nítorí pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ọwọ́ wọn máa ń dilẹ̀: Ọmọ́níyì ń ṣiṣẹ́ ìjọba, Bímbọ́lá ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, Leah sì ń ta awò ojú ní ṣọ́ọ̀bù kan. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti ń kọrin káàkiri Àkúrẹ́, níbi ọjọ́ ìbí àti níwájú ilé oúnjẹ, tí àwọn èèyàn á máa jẹ ẹja lọ bí ẹni pé wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Wọn ò tíì gba orin kankan sílẹ̀ rí. Ní ọdún yìí ni wọ́n tó rówó wọ sítúdíò, orin márùn-ún ni wọ́n sì fẹ́ gbé jáde.

Èyí tó jẹ́ olórí nínú wọn ni wọ́n pè ní "Kò Tíì Rọ̀". Orin Tíṣà gan-an ni, látìgbà tó wà ní kíláàsì. Bí òjò bá ti ṣú nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ jáde, tí àwọn ọmọ ń jà láti sáré, Tíṣà á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á dá orin yìí sílẹ̀, wọn ò sì ní jáde àyàfi bí wọ́n bá ń rìn lórí orin náà:

Òjò ṣú l'Ídànrè, kò tíì rọ̀,
Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má sáré,
Ẹni bá sáré a ṣubú,
Ẹni bá rọra a délé.

Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe kọ ọ́ fún Leah nígbà tó wà lọ́mọdé, níjọ́ tí ibà ń ṣe é, níjọ́ tí iná ò sí, níjọ́ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò tó ń sunkún. Leah wá kọ ẹsẹ ìkíní àti ègbè tirẹ̀ mọ́ ọn, ó sì fi ẹsẹ kejì sílẹ̀ fún orin Tíṣà bó ṣe wà. Ó ti pẹ́ tó ti ń wù ú kí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ ẹsẹ yẹn. Ní báyìí, kì í ṣe wíwù mọ́. Bí ohùn náà ò bá wọ inú ẹ̀rọ lọ́jọ́ Sátidé yìí, kò síbi tí wọ́n tún ti máa rí i.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ kan ní Arákálẹ̀ ni sítúdíò náà wà. Bámidélé ló ni ín, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́ńbélé tó ń pe iṣẹ́ ní uṣẹ́ tó sì ń pe ilé ní ulé. Páálí ẹyin ló fi bo ògiri láti òkè délẹ̀ kí ariwo má ṣe wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nígbà tó rí Tíṣà.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ kú oòrùn."

Tíṣà wo ògiri yíká. "Ṣé ibí yìí ni sítúdíò? Mo ti ń wá ibi tí àwọn adìẹ wà."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Bímbọ́lá yọ fóònù rẹ̀, ó fẹ́ ya fídíò, ṣùgbọ́n Tíṣà na ìka sí i bó ṣe máa ń nà án sí ọmọ tó ń jẹ̀pà ní kíláàsì. "Ẹ kó gbogbo fóònù yẹn pamọ́. Ẹni tó bá ya mí lónìí, n ó nà án." Wọ́n tún rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kó fóònù wọn sápò. Leah nìkan ló mọ ìdí rẹ̀. Ọrùn bàbá rẹ̀ ti wú, kò sì fẹ́ kí àwòrán rẹ̀ máa rìn káàkiri Oǹdó.

Tíṣà wọ yàrá kékeré tí wọ́n ti ń kọrin. Wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ sí i létí. Ó wúkọ́, ó mí, ó wá bi wọ́n láti ẹ̀yìn gíláàsì pé, "Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?"

Ó bẹ̀rẹ̀. Ohùn náà ti ya, ó ń họ etí bí abọ́ tí wọ́n ń fi iyanrìn fọ̀, ṣùgbọ́n kò ṣìnà níbì kan. Nígbà tó dé "a délé", ó fà á gùn títí tí ohùn fi tán mọ́ ọn lẹ́nu, ó sì dúró jẹ́ẹ́ síbẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Leah yíjú sí ògiri kí wọ́n má bàa rí omi ojú rẹ̀.

Ohùn tó dùn jọjọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ni Bámidélé mọ̀, kò mọ èyí. Ó tẹ bọ́tìnì, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tún un kọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohùn yín ha díẹ̀. Àbí ara yín ò yá ni?"

Tíṣà gbójú sókè láti ẹ̀yìn gíláàsì, ó wo Leah. Leah mọ ojú yẹn. Ojú kan náà tó fi máa ń wò ó bí àlejò bá wà nílé tí ọmọ sì fẹ́ sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Bẹ́ẹ̀ Tíṣà ò ní okun tó lè fi tún un kọ. Leah rí bó ṣe di tábìlì mú.

"Ara wọn le koko," ni Leah yára wí. "Má dà wọ́n láàmú. Wọ́n kàn ń fi bí orin náà ṣe ń lọ hàn wá ni. Gáìdì lásán ni."

Lẹ́nu àwọn tó ń gba orin sílẹ̀, gáìdì ni ohùn tí èèyàn kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rọ kí onígìtá àti onídùùrù lè mọ ibi tí orin ń bá lọ. Bí ohùn gidi bá ti dé, iṣẹ́ gáìdì parí. Bámidélé ní, "Áà, ó ti yé mi," ó sì tẹ orúkọ sí i lórí kọ̀ǹpútà: GÁÌDÌ. Leah rí i bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé bó bá di ọjọ́ Ajé, bí iṣẹ́ abẹ bá ti tán, tí kò sí ohun tí à ń bò mọ́, òun á pe Bámidélé, òun á ṣàlàyé. Ẹyin lọ̀rọ̀, Leah náà sì mọ òwe yẹn kí n tó pa á.

"Ṣé kí n fi sí i kí ẹ gbọ́ ara yín, Bàbá?" ni Bámidélé bi í nígbà tó jáde.

"Rárá. Bó bá pé, n ó gbọ́ ọ lódindi."

"Ẹ ò ní dá ara yín mọ̀ o, mo ti ń sọ fún yín. Kò sẹ́ni tó ń dá ohùn ara rẹ̀ mọ̀ bó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lórí ẹ̀rọ. Ìyá mi ní kì í ṣe òun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bú mi."

"Á jẹ́ pé ìyá rẹ kì í gbọ́ ti ara rẹ̀," ni Tíṣà dáhùn, wọ́n sì tún rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Ajé, ní ẹnu yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n ti gbé Tíṣà sórí bẹ́ẹ̀dì oníkẹ̀kẹ́, ó sì ku díẹ̀ kí wọ́n tì í wọlé. Ó di ọwọ́ Leah mú. Ohùn rẹ̀ ò ju fínfín lọ mọ́. "Sọ fún ọmọ Ìkàrẹ́ yẹn," ó ní, "kó má fi gìtá bo ohùn mi mọ́lẹ̀." Ọ̀rọ̀ tó fi ẹnu sọ gbẹ̀yìn láyé nìyẹn. Leah rò pé yẹ̀yẹ́ ni bàbá òun ń ṣe, kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun sọ nǹkan padà. Ó kàn mi orí ni, ilẹ̀kùn sì pa dé.

Wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Leah ti sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ìgbéyàwó mọ̀lẹ́bí kan ló gbé òun lọ sí Òkìtìpupa, pé òun ò ní tètè dé. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀jẹ̀ ń jáde lọ́rùn Tíṣà, àwọn nọ́ọ̀sì ń sáré, Mojísọ́lá sì kúnlẹ̀ sí kọ̀rọ̀ kan ó ń pe Jésù. Àkókò yẹn gan-an ni fóònù Leah dún. Ọmọ́níyì ló kọ̀wé ránṣẹ́. Ìlà àkọ́kọ́ ni Leah rí: "Leah, ṣé kí a máa bá iṣẹ́ lọ?" Ọ̀rọ̀ gùn nísàlẹ̀, kò kà á. Ó fèsì pé, "Ẹ máa bá a lọ," ó sì ju fóònù sínú báàgì.

Ẹ̀jẹ̀ náà dá. Tíṣà yè é. Ọlọ́run ṣeun, gbogbo wa la dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni wọ́n lò níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Leah ń nu ihò ọrùn bàbá rẹ̀, tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ikun jáde nínú rẹ̀, tó ń sùn lórí ẹní lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀rọ̀ gáìdì kúrò lọ́kàn rẹ̀ pátápátá. Ohùn bàbá òun wà lọ́wọ́ Bámidélé ní Arákálẹ̀, ìyẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Bí ìyá rẹ̀ bá ń sunkún, á ní, "Mọ́mì, ẹ má sunkún mọ́. Ohùn Dádì wà nínú ẹ̀rọ. Nígbàkígbà tó bá wù yín, ẹ ó gbọ́ ọ."

Nígbà tó padà dé Àkúrẹ́, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n pàdé rẹ̀ ní sítúdíò. Bímbọ́lá ti ra míníràlì. Bámidélé na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Leah! Uṣẹ́ ti parí o! A fẹ́ kó jẹ́ ìyàlẹ́nu fún ọ ni. A ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́, ọjọ́ Ẹtì ló máa jáde káàkiri ayé."

Ó fi "Kò Tíì Rọ̀" sí i. Gìtá wọlé jẹ́jẹ́. Ohùn Leah kọ ẹsẹ ìkíní, ègbè tẹ̀ lé e, ó dùn débi pé orí Leah wú. Ẹsẹ kejì wá dé. Ọkùnrin kan ń kọ ọ́, ohùn rẹ̀ nípọn, ó mọ́ geere, ó sì ń ṣe bí ẹni fẹ́ di àgbàlagbà. Ọmọ́níyì ni.

Leah dúró títí orin fi tán. Ó rò pé bóyá wọ́n fi méjì sí i ni, pé ohùn bàbá rẹ̀ máa tó yọ lábẹ́ rẹ̀. Kò yọ.

"Ohùn bàbá mi dà?"

Ọmọ́níyì àti Bámidélé wo ara wọn. "Gáìdì yẹn?" ni Bámidélé wí. "Mo ti pa á rẹ́ kẹ̀. Gáìdì kì í gbé nínú ẹ̀rọ mi ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, ẹ̀rọ náà ò láyè. Ṣebí ìwọ lo ní gáìdì lásán ni?"

"Mo kọ̀wé sí ọ, Leah," ni Ọmọ́níyì wí. "Mo ní Bámidélé ní kí a parí ẹsẹ kejì, ṣé kí n kọ ọ́. O ní ká máa bá a lọ."

Leah yọ fóònù. Ó wá ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ó rí i. Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ lábẹ́ ìlà àkọ́kọ́, kedere bí ojú ọjọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì wá sọ ohun tí wọ́n ní kó má sọ: kókó, iṣẹ́ abẹ, ihò ọrùn, pé kò sí Òkìtìpupa kankan, pé bàbá òun ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí ayé. Bímbọ́lá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ́níyì, géńdé ọkùnrin, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wa?" ni Bámidélé ń wí ṣáá. "Leah, kí ló dé? Bí mo bá mọ̀, ǹ bá gbé e sórí ẹ̀rọ mẹ́wàá. Ǹ bá gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí mi."

"Wọ́n ní kí n má sọ."

Ta la fẹ́ bá wí níbẹ̀? Mo ti rò ó títí. Bámidélé ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ọmọ́níyì bèèrè kó tó ṣe é. Bàbá kò fẹ́ kí aráyé máa fi òun ṣe ọ̀rọ̀ sọ, ọmọ sì gbọ́ràn sí bàbá lẹ́nu gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe tọ́ ọ. Gbogbo wọn ló ṣe dáadáa, nǹkan sì bàjẹ́.

Wọ́n wá ohùn náà. Wọ́n wá a bí ẹni wá owó ẹyọ sínú koríko. Bámidélé gbé ẹ̀rọ lọ bá ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ohun tó ti parẹ́ padà, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì kan ti wá gba orin méjìlá sílẹ̀ lẹ́yìn wọn, orí ibi tí ohùn Tíṣà wà gan-an sì ni orin wọn bọ́ sí. Leah tú fóònù ara rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Tíṣà kì í fi ohùn ránṣẹ́, títẹ̀ ló máa ń tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú kọ́mà àti ìdánudúró. Nínú fídíò ìgbéyàwó mọ̀lẹ́bí kan, wọ́n rí i tó ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì, orin sì bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe pè wọ́n. Ó ní òun rí nǹkan díẹ̀ gbà, kò sì ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin lọ. Wọ́n sáré lọ. Ó fi sí i fún wọn. Ikọ́ kan, èémí kan, lẹ́yìn náà: "Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?" Ibẹ̀ ló ti gé.

Orin wọn jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Mi ò ní purọ́, àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, fóònù Leah ò sinmi, àwọn tó ń jẹ ẹja níwájú wọn lánàá ti ń pe ara wọn ní ọ̀rẹ́ wọn. Rédíò kan ní Àkúrẹ́ fi "Kò Tíì Rọ̀" sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ọjọ́ tí Leah ti ń fojú sọ́nà fún láti ọdún mẹ́rin dé, ó sì ń wò ó bí ẹni ń wo àríyá láti ojú fèrèsé ilé ìwòsàn.

Ọjọ́ Sátidé ló lọ sí Oǹdó. Láti Àkúrẹ́ dé ilé, ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ló ń tò jọ nínú mọ́tò: Dádì, ẹ forí jì mí, èmi ni mo fi ẹnu ara mi sọ ohùn yín nù. Ó tò ó, ó tún un tò. Nígbà tó wọlé, Tíṣà wà lórí àga rẹ̀ ní pálọ̀, aṣọ funfun kékeré bo ihò ọrùn rẹ̀, ìwé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan àti bírò pupa wà lórí itan rẹ̀. Mojísọ́lá jókòó tì í. Tíṣà ti kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé náà dè é kó tó dé: "Ó ti jáde. Fi sí i."

"Dádì, mo ní ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́..."

Tíṣà na ìka sí i. Ó fa ìlà sábẹ́ "Fi sí i" lẹ́ẹ̀mejì.

Leah fi sí i. Tíṣà di ojú. Ní ẹsẹ ìkíní, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ kejì wọlé, ó ṣí ojú, ó sì gbé ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má ṣe mira. Leah ń wo ilẹ̀. Ó ń retí. Nígbà tó dé "a délé", ètè Tíṣà ń mì pẹ̀lú rẹ̀, láìsí ohùn.

Orin tán. Tíṣà mú bírò, ó kọ̀wé, ó yí ìwé náà sí Leah. "Ọmọ onísítúdíò yẹn sọ òótọ́. N ò dá ara mi mọ̀." Ó gbà á padà, ó tún kọ: "Ṣé bí mo ṣe ń dún nìyí láti ọjọ́ yìí?"

Ẹnu Leah là. Gbogbo ohun tó tò jọ nínú mọ́tò wà níbẹ̀. Ó wo ojú bàbá rẹ̀, ojú tí kò tíì rẹ́rìn-ín láti ọjọ́ tí wọ́n ti gé e, ó sì rí i pé ẹ̀rín ló wà nínú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ ṣe ń dún."

Tíṣà kọ ọ́ pé, "Ọmọ Ìkàrẹ́ yẹn ò fi gìtá bò mí." Lẹ́yìn náà ó kọ 8/10, ó sì fi òbìrí pupa yí i ká. Nínú gbogbo ọmọ tó kọ́ lọ́dún márùndínlógójì, kò sẹ́ni tó gba ju méje lọ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú orin.

Mojísọ́lá dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo iṣu lórí iná. Leah tẹ̀ lé e. Nínú ilé ìdáná, kò sí iṣu lórí iná. Ìyá rẹ̀ dúró, ó kọ ẹ̀yìn sí i.

"Ta ni ọmọ yẹn?"

"Ọmọ wo, mà?"

"Leah. Ọdún méjìdínlógójì ni ohùn ọkọ mi ti ń jí mi. Ta ló kọ ọ́?"

"Ọmọ́níyì ni, mà." Leah sọ gbogbo rẹ̀, ẹkún gbà á lẹ́nu, ó tún ń sọ. Ìyá rẹ̀ ò bá a wí. Ó bi í pé, "Kò kù rárá?" Leah wá yọ fóònù, ó gbé e sí i létí, ó tẹ̀ ẹ́. Ikọ́ kan. Èémí kan. "Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀?"

Mojísọ́lá fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mọ́ etí. Ó di ojú. "Ẹ bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ẹ bẹ̀rẹ̀, Tíṣà mi." Ó ń dúró. Leah ò lè gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti pálọ̀, Tíṣà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, bó ṣe máa ń pè wọ́n nìyẹn báyìí. Ó fẹ́ kí wọ́n tún orin rẹ̀ fi sí i.

Mojísọ́lá fi etí aṣọ nu ojú, ó dá fóònù padà fún ọmọ rẹ̀. "Lọ fi sí i fún un," ó ní. "Kí o sì kìlọ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ. Wọn ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnì kankan."